Ìgbà Tí Ọ́ìlì Ṣì Jẹ́ Lítà Méjì Ààbọ̀

Volkswagen tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá kò ní fílítà ọ́ìlì rárá. Ohun tó wà nídìí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ni asẹ́ kékeré kan tí wọ́n fi wáyà wẹ́wẹ́ hun, tí irin pẹlẹbẹ bò, tí nọ́ọ̀tì mẹ́fà sì dè é mọ́ra. Ẹni tó bá ti ní sípánà nọ́ńbà 10, tó wá abọ́ àlòkù kan tí yóò gbe ọ́ìlì, tó sì ra ọ́ìlì lítà méjì ààbọ̀, ohun èlò rẹ̀ ti pé. Kò sí ọ̀rọ̀ jáàkì níbẹ̀, torí ọkọ̀ náà ga nílẹ̀ tó kí èèyàn na ọwọ́ dé ibi tó fẹ́ tú lórí ìdùbúlẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ rédíétọ̀, torí kò ní. Atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnì rẹ̀ lára, ọ́ìlì ló sì ń ran atẹ́gùn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ìyà fi pọ̀ fún ọ́ìlì Ìjàpá, tó fi ń tètè dúdú, tí wọ́n sì fi ní kí á máa dà á nù ní gbogbo 5,000 kìlómítà, tàbí 3,000 máìlì fún àwọn àgbà tó ṣì ń ka máìlì nígbà náà.

Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà lójú ọ̀nà Badagry ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀. Ọdún yẹn náà ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní Kàdúná. Ọdún yẹn kan náà ni owó Údójì, ìyẹn àfikún owó oṣù, bọ́ sápò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn tíṣà, tòun ti àjẹẹ́lẹ̀ oṣù tó ti kọjá, àfi bí ẹni pé wọ́n jọ ṣàdéhùn. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ lánàá di onímọ́tò. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ tíṣà ìṣirò ní Ìbàdàn, wà nínú wọn. Wọ́n fi owó tó wà lọ́wọ́ kún èyí tí wọ́n yá, wọ́n ra Ìjàpá aláwọ̀ ewé kan. Kò sí mẹkáníìkì kankan tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń da ọ́ìlì rẹ̀. Ìwé pẹlẹbẹ tó bá ọkọ̀ náà wá ni wọ́n kà. Ìwé ọ̀hún ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń da ọ́ìlì nígbà tó bá ṣì gbóná àti bí wọ́n ṣe ń fọ asẹ́. Ó ń bá olówó ọkọ̀ sọ̀rọ̀ tààrà, kò sì síbi tó ti bi í léèrè bóyá ó lè ṣe é.

Nígbà tí ìjọba Buhari àti Ìdíàgbọn dé ní ìparí 1983, tí wọ́n wá pàṣẹ pé kí oníkálukú jókòó sílé kó tún àyíká rẹ̀ ṣe láàárọ̀ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, iṣẹ́ ọ́ìlì bá ráyè. Kò sẹ́ni tó lè jáde títí aago mẹ́wàá. Àwọn obìnrin á kó gọ́tà, àwọn ọkùnrin á fi ọgbọ́n yẹra, wọ́n á lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àwa tiwa á ṣí ẹ̀yìn, torí ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì Ìjàpá wà, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń pa àwọn onímọ́tò tó kù lẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi lọ. Gọ́tà kì í kàn mí. Èmi ni mo ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún bàbá mi.

Wọ́n á kọ́kọ́ tan ọkọ̀ náà sílẹ̀ kí ọ́ìlì lè gbóná, torí ọ́ìlì tútù kì í kó ẹ̀gbin jáde. Wọ́n á tẹ́ páálí sílẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí rẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú nọ́ọ̀tì yẹn díẹ̀díẹ̀ yíká, kí irin pẹlẹbẹ náà má baà wọ́. Ọ́ìlì á kọ́kọ́ máa kán tó, tó, kó tó wá dà ṣọ̀ọ̀rọ̀ sínú abọ́. Wọn ò ní kánjú. Kò síbi tí wọ́n ń lọ. Nígbà tí asẹ́ bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n á gbé e sí oòrùn, wọ́n á yí i síhìn-ín, wọ́n á yí i sọ́hùn-ún, wọ́n á wá nà án sí mi.

“Wò ó dáadáa. Tó o bá rí ohun tó ń dán níbẹ̀, fi hàn mí.”

Ohun tó ń dán ni irin tó ń jẹ kúrò lára bẹ́ríǹgì. Èérún dúdú kì í ṣe ẹjọ́, ẹ̀gbin lásán ni. Wọ́n á fi àtàǹpàkò àti ìka kejì lọ ọ́ìlì náà, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn ní pẹtiróòlù, á jẹ́ pé rọ́bà inú pọ́ǹpù epo ti fẹ́ ya, epo sì ń jò lọ bá ọ́ìlì. Wọ́n á tún wo iye tó jáde, bóyá ó dín sí èyí tí wọ́n rọ sí i nígbà tó kọjá, torí ẹ́ńjìnì tó bá ti ń gbó a máa mu ọ́ìlì. Kí wọ́n tó dìde lórí páálí yẹn, wọ́n ti mọ ìlera ọkọ̀ wọn, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n máa fowó oṣù tó ń bọ̀ rà.

Gásíkẹ́ẹ̀tì pépà méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lókè asẹ́, ọ̀kan nísàlẹ̀. Lákòókò tí a ń tò fún ọṣẹ àti mílíìkì yẹn, kì í fi gbogbo ìgbà sí lọ́jà. Bàbá mi á fi kọ́ḿpáàsì tí wọ́n fi ń kọ́ni ní ìṣirò yí òbìrí sórí páálí bàtà, wọ́n á fi abẹ gé e, wọ́n á dá ihò mẹ́fà sí i, wọ́n á sì rẹ ẹ́ sínú ọ́ìlì kó rọ̀ kí wọ́n tó dè é. Mi ò rántí pé èyíkéyìí jò rí ju bí Ìjàpá ṣe ń jò tẹ́lẹ̀ lọ.

Ojú iṣẹ́ náà kì í tán síbẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá ti tutù, wọ́n á tún tápẹ́ẹ̀tì ṣe, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà ni àlàfo rẹ̀, wọ́n á sì nu ojú plọ́ọ̀gì. Bàbá tó ni 504 lójúlé kejì á ti parí tiwọn nígbà náà. Lítà mẹ́rin ni tiwọn ń mu, ó sì ní fílítà tí wọ́n ń yí kúrò lódindi, nítorí náà wọ́n máa ń ki bàbá mi ní “onílítà méjì.” Síbẹ̀, sípánà bàbá mi ni wọ́n ń yá.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀run rere la wà. Ibi tí Ìjàpá bá sùn mọ́jú, àmì ọ́ìlì á wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978 fi ojú àwọn ẹ́ńjìnì kékeré yẹn rí màbo. Tí ẹ bá gbà á lóṣù kẹta nínú oòrùn, ẹ ó rí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n ṣí ẹ̀yìn sílẹ̀, ìdílé jókòó sábẹ́ igi. Ẹ́ńjìnì tó bá lọ jìnnà láìtú u ní ọ̀tun, ìròyìn ni. Àwa tá a ń ráyè sọ̀rọ̀ ọ́ìlì yìí náà, díẹ̀ la jẹ́ ládùúgbò, ọ̀pọ̀ ojúlé kò ní kí wọ́n tú, kí wọ́n dè.

Lónìí, jíìpù là ń pe ọkọ̀ yòówù tó bá ti ga díẹ̀ nílẹ̀, ìbáà jẹ́ RAV4, ìbáà jẹ́ Lexus, ìbáà jẹ́ Honda Pilot. Èyí tí mò ń wà jẹ́ Highlander 2015, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ike dúdú fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ bá pàdé. Ẹ́ńjìnì wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Ìwé tó wà nínú píjìnhóòlù rẹ̀ nípọn gan-an. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa so fóònù mọ́ rédíò àti bí mo ṣe máa dá ìjókòó ẹ̀yìn dùbúlẹ̀. Nígbà tó kan ọ́ìlì, ó fi bí wọ́n ṣe ń wo gééjì hàn mí àti bí wọ́n ṣe ń fi díẹ̀ kún un, ó dákẹ́. Bí wọ́n ṣe ń dà á kò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ nìyẹn, kí n máa wa ọkọ̀ mi lọ.

Tèmi ṣì sàn níbì kan: gééjì ṣì wà, ẹ lè fà á yọ, ẹ nù ún, ẹ tún kì í bọ ihò rẹ̀, ẹ rí i lójú yín. Àwọn jíìpù BMW kan láti bí ogún ọdún sẹ́yìn kò ní ìyẹn mọ́. Kọ̀ǹpútà ló ń sọ iye ọ́ìlì tó kù fún olówó ọkọ̀, tí kọ̀ǹpútà bá sì ní ó pé, ó pé náà nìyẹn. Ọkọ̀ tí mi ò lè fojú ara mi wo ọ́ìlì rẹ̀, mi ò ní fowó mi rà á, bí wọ́n ń fi góòlù ṣe ìjókòó rẹ̀.

Lítà mẹ́fà àti díẹ̀ ni Highlander onísílíńdà mẹ́fà yìí ń mu. Kégi onílítà mẹ́rin kan kò tó o, méjì sì pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ni iye tí wọ́n ń ta kégi kan kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ létí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ga. Ojú ìdérí tí wọ́n ń ṣí láti rọ ọ́ìlì ni wọ́n kọ ọ́ sí gbangba: 0W-20. Ọ́ìlì yìí fẹ́lẹ́. Tí ẹ bá ti mọ ọ́ìlì nípọnnípọn ayé àtijọ́ lọ́wọ́, ẹ máa rò pé wọ́n ti bu omi là á.

Mo fi táyà iwájú gun pákó méjì, mo rá wọ abẹ́ rẹ̀. Lóòótọ́ ó ga, ibẹ̀ nìkan ló sì ti jọ Ìjàpá. Ike ni wọ́n fi bo gbogbo abẹ́ ẹ́ńjìnì, kí atẹ́gùn lè yọ̀ kọjá lábẹ́ ọkọ̀, kí epo tó ń jó lè dín kù. Ike kéékèèké ló di ike ńlá náà mú, àwọn tí mẹkáníìkì kan ti fi sikudíráfà fà tú láìbìkítà kò sì dúró mọ́. Wáyà tí wọ́n fi ń di irin ìkọ́lé ni wọ́n fi so igun kan. Tí ẹ bá rí jíìpù tí ike abẹ́ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ gbàràgbàrà ní òpópónà, ẹ mọ̀ pé ọ́ìlì ni wọ́n lọ pààrọ̀.

Lẹ́yìn ike lèèyàn tó rí fílítà. Fílítà náà kì í ṣe agolo irin tí wọ́n ń yí kúrò lódindi bíi ti 504. Pépà inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀, ilé rẹ̀ wà níbẹ̀ títí láé, ó sì ní ìdérí roboto tó ní etí mẹ́rìnlá. Ó ní sípánà tirẹ̀, ife irin kan tó bá etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá mu rẹ́gí, ọjà Àràròmí ní Gate, n'Ìbàdàn, ni mo ti rà á. Ẹni tí kò bá ní ife yìí á lo ṣísẹ́ẹ̀lì àti òòlù. Mo mọ̀, torí ojú ìdérí tèmi kún fún àpá. Wọ́n ti gbá a ní ṣísẹ́ẹ̀lì láìmọye ìgbà, etí méjì ti fọ́. Bẹ́ẹ̀ lára ìdérí yẹn kan náà ni Toyota kọ iye tí ó yẹ kó fún sí: 25 N·m. Ẹni tó fi òòlù lé e ti wo nọ́ńbà yẹn lójú.

Nínú páálí fílítà tuntun, ẹ máa bá rọ́bà roboto, ẹ ó sì bá ọ̀pá ike kékeré kan tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń jù nù, tí wọn ò mọ ohun tó wà fún. Plọ́ọ̀gì kékeré kan wà láàárín ìdérí. Ẹ tú ìyẹn, ẹ ki ọ̀pá ike náà bọ ihò rẹ̀, ọ́ìlì tó kù nínú ilé fílítà á gba inú rẹ̀ sun jáde jẹ́jẹ́ sínú abọ́, kò ní dà sí yín lórí nígbà tí ẹ bá tú ìdérí. Ẹni tó ronú kan ọ̀pá yẹn mọ bó ṣe ń rí lára èèyàn láti dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ fi ọ́ìlì pa rọ́bà tuntun, ẹ fi í sínú kòtò rẹ̀, ẹ dá ìdérí padà pẹ̀lú sípánà tó ń ké kíì nígbà tó bá fún dé ìwọ̀n: 25 fún ìdérí, 40 fún nọ́ọ̀tì tí ọ́ìlì gbà jáde.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ á ṣì máa fi iná kan pọ́n yín lójú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù pé ẹ wá ṣe sábíìsì, kò mọ̀ pé ẹ ti ṣe é tán. Kò wo ọ́ìlì, máìlì ló ń kà. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún un. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ fún un yàtọ̀ láti ọkọ̀ sí ọkọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń wa ọkọ̀ kiri pẹ̀lú iná yẹn títí wọ́n á fi tà á.

Ká sòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ike yìí bò mọ́lẹ̀ dára. Ọ́ìlì inú Highlander ń ṣe iṣẹ́ tí ti Ìjàpá kò gbọ́ rí. Òun ni ẹ́ńjìnì fi ń yí àkókò tí fáàfù ń ṣí àti àkókò tí ó ń pa dé, bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tàbí tó ń dúró. Ihò tó ń gbà kọjá kéré débi pé ọ́ìlì tó nípọn jù a máa pẹ́ kó tó dé ibi tí wọ́n ń retí rẹ̀. Wọ́n ṣe é kó pẹ́ láyé: ní Amẹ́ríkà, 10,000 máìlì tàbí ọdún kan ni Toyota fún 0W-20 yìí kí wọ́n tó dà á. Ẹ́ńjìnì tó rin 200,000 máìlì láìtú u kì í ṣe ìròyìn mọ́. Mo sì ní ẹ̀rọ amúlétutù lójú ọ̀nà Èkó. Bí wọ́n bá gbé Ìjàpá tuntun fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ láàárọ̀ ọ̀la, mo máa gbà á, mo máa fọ̀ ọ́, mi ò ní gbé e dé Ṣágámù.

Kí wá ni mò ń wá lábẹ́ ọkọ̀ yìí lọ́jọ́ orí mi? Mẹkáníìkì tó ń tún un ṣe fún mi bi mí léèrè bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọmọkùnrin dáadáa ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ 0W-20 ló kọ́kọ́ dá wa pọ̀.

“Mọ́mì, ẹ má bínú o. Ọ́ìlì yìí fẹ́lẹ́ jù. Ilẹ̀ wa gbóná. Ẹ jẹ́ á fi 20W-50 sí i, ẹ máa rí i pé ariwo rẹ̀ á rọlẹ̀.”

Mo ní rédíétọ̀ àti tẹ́mọ́sítáàtì ló ń pinnu bí ẹ́ńjìnì ṣe ń gbóná tó, kì í ṣe oòrùn Ìbàdàn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Mọ́mì, tó bá tiẹ̀ jẹ́ 0W-20 lẹ fẹ́, níbo lẹ ti fẹ́ rí ojúlówó?”

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí bàbá mi ń ra ọ́ìlì, ilé epo ni wọ́n ti ń rà á, ilé epo tó jẹ́ BP kí ìjọba tó gbà á ní 1979, tó sì wá di AP. Agolo ni. Irin ni wọ́n fi ń lu ojú rẹ̀ jo kí ọ́ìlì tó jáde, tí wọ́n bá sì ti lù ú, ó parí, kò sí ẹni tó lè dé e padà kó tún un tà. A máa ń fi agolo yẹn bu gaàrí, a máa ń gbin ata sí i. Kò sẹ́ni tó ronú nípa rẹ̀ pé ó ń ṣọ́ ohunkóhun. Ìgbà tí kégi ike tó ní ìdérí yíyí dé ni gbogbo ayé yìn ín pé ó rọrùn, ó sì rọrùn lóòótọ́, àní fún àwọn tó ń ra kégi òfìfo lẹ́yìn wa. Wọ́n á ra ọ́ìlì àlòkù tí à ń pè ní kọ̀ńdẹ́ḿ lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á pa á láwọ̀, wọ́n á rọ ọ́ padà sínú kégi tó ní orúkọ ńlá lára, wọ́n á fi rọ́bà dí i lẹ́nu. Ojú kò lè dá a mọ̀, ojú tèmi kò lè dá a mọ̀. Ẹ́ńjìnì ló ń dá a mọ̀, nígbà tó bá ti pẹ́ jù.

Nítorí náà, ìdí tí bàbá mi fi sùn sórí páálí kọ́ ló ń gbé mi sùn sórí rẹ̀. Wọ́n ń ṣe é torí iṣẹ́ náà kò tóbi, torí owó tíṣà, torí asẹ́ tí wọ́n fẹ́ fojú rí. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé kò wá sí wọn lọ́kàn, bí ẹlòmíràn bá bá wọn ṣe é, ọ́ìlì kan náà ni yóò wọlé. Èmi ń ṣe é torí mo fẹ́ fọwọ́ ara mi ṣí kégi tí mo rà níbi tí mo mọ̀, kí n rí i pé òun gan-an ló wọnú ẹ́ńjìnì. Bí mo bá sì ti rọ ọ́ tán, ọ̀bẹ ni mo fi ń gún kégi náà lábẹ́, lẹ́ẹ̀mejì, kí n tó jù ú síta. Ọ̀pọ̀ onímọ́tò tí mo mọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí. Agolo bàbá mi ń gún ara rẹ̀ fún wọn.

Mo tún pàdánù asẹ́. Mo máa ń la pépà fílítà àtijọ́ sílẹ̀, mo máa ń na án sójú oòrùn, mo máa ń wá ohun tó ń dán nínú ìṣẹ́po rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè ṣe é, kò sófin. Àmọ́ ìṣẹ́po náà pọ̀, ẹ̀gbin inú rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ kedere, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹni tó ń di tọ́ọ̀ṣì mú. Àwọn ọmọ mi ń wo fóònù. Mi ò bá wọn wí, torí ọkọ̀ wọn lọ́la lè máà ní ọ́ìlì kankan, bátìrì nìkan.

Ohun kan wà tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Iye 10,000 máìlì tí Toyota fún ọ́ìlì yìí, wọn ò fi í fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ bá ní eruku, tàbí tí ọkọ̀ rẹ̀ ń dúró pẹ́ láìpa ẹ́ńjìnì, ìdajì ni wọ́n fún un, 5,000. Ẹ wo ìyẹn lójú, ẹ wo Ọ̀jọ́ọ̀ sí Mọ́kọ́lá lágogo méje àárọ̀. Sún kẹrẹ fà kẹrẹ tí a ń jókòó sínú rẹ̀ kò hàn lórí máìlì, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, nọ́ńbà dúró. Ẹ fi ọyẹ́ kún un. Ẹ fi ọ̀nà tí wọ́n wó tí wọn ò tíì ṣe kún un. Ẹ wá fi iyèméjì kún un, pé bóyá ọ́ìlì tí mo rà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ ẹni tó tà á, kì í ṣe ohun tó pe ara rẹ̀. Mo ṣe ìṣirò yìí títí, mo dé 3,000 máìlì. Dáṣíbọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà ló sì ń ka máìlì fún mi. Ọgbọ́n àwọn ará Japan, fáàfù tó ń yí fúnra rẹ̀, ọ́ìlì tí wọ́n fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe, gbogbo rẹ̀ tú ká sójú ọ̀nà Ìbàdàn, ó sì kù síbi tí Ìjàpá fi í sí. Àyàfi pé lítà mẹ́fà ni báyìí, kì í ṣe méjì ààbọ̀.

Ọ́ìlì tó jáde nìṣòro tó kù. Bàbá mi kì í ní ìṣòro náà. Wọ́n á fi kun pákó ọgbà kí ikán má baà jẹ ẹ́, wọ́n á da ìyókù yí ilé ká torí ejò, títí dé ẹ̀gbẹ́ kànga. Gbogbo àdúgbò ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Òjé wà nínú pẹtiróòlù ìgbà yẹn, ẹ̀yìn 2005 ni Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ Sàhárà ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òjé náà sì ń wọ inú ọ́ìlì láti ibi tí epo ti ń jó. A pọn omi kànga yẹn mu. Ìrántí dùn, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ni kó ti dùn.

Ọmọ mi tó wà ní Houston sọ pé ṣọ́ọ̀bù tí òun ti ra ọ́ìlì náà ló ń gba ti àtijọ́ padà lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ní táńkì ńlá kan lẹ́yìn fún un. Mo ní kó dákẹ́, kó má bí mi nínú. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ẹni tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ní ìsàlẹ̀ àdúgbò ló ń gbà á. Ó ń fi í pa inú mọ́ọ̀dù kí sìmẹ́ǹtì má baà lẹ̀ mọ́ irin. Ó kéré tán, mo mọ ibi tó ń lọ, kò sì padà sínú kégi. Mo gbé e fún un nínú garawa tó ní ìdérí. Ó ṣí i, ó wò ó, ó kọ́kọ́ ní ó fẹ́lẹ́.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é.

“Kò burú, Mọ́mì. Ìgbà wo lẹ tún máa da òmíràn?”

Mo sọ fún un. Ó ní kò jìnnà, kí n má ṣe gbé e fún ẹlòmíràn.